Fífi Fóònù Kan Pàtẹ Ọjà

Àǹtí mi kan wà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, tó ń ta àdìrẹ. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, orí àpótí lẹ ó bá a, àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà lápá kan, oníko wà lápá kejì, fóònù rẹ̀ wà lórí itan. Oníbàárà kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń nájà. Ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, òmíràn wà ní London, àwọn náà ń nájà, àmọ́ inú fóònù ni wọ́n wà. Ìsọ̀ méjì ló ń bójú tó lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wà lórí itan yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí mo mọ ọ̀pọ̀ òǹtajà tó ń fi dátà ṣòfò níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí ọjà wọn ò sì kúrò lórí igbá.

Ibi tí èèyàn ti ń rí ọjà yín kọ́ ló ti ń rà á. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Facebook àti Instagram ni ẹ̀bá ọ̀nà. Èrò ń kọjá, wọ́n ń wọ̀tún wòsì, púpọ̀ nínú wọn ò sì ní í yà. WhatsApp ni inú ìsọ̀. Ẹni tó bá ti wọlé síbẹ̀ ti ń béèrè èló, ó ti ń béèrè bóyá ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwòrán orí Instagram wá ṣe fún yín: kó mú ẹni tó ń kọjá lọ yà wọlé. Ilé-iṣẹ́ Meta ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà tó ṣì ń jẹ́ Facebook ló ra Instagram ní ọdún 2012, tó sì ra WhatsApp ní 2014. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn láti so wọ́n mọ́ra, débi pé ẹni tó tẹ bọ́tìnì kan lójú ìwé yín lórí Instagram á bá ara rẹ̀ nínú WhatsApp yín lójú ẹsẹ̀.

WhatsApp Business ni ẹ ó lò. Ó ti wà láti ọdún 2018, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè wà lórí fóònù kan náà pẹ̀lú WhatsApp tí ẹ fi ń bá ẹbí sọ̀rọ̀, bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra líìnì ọ̀tọ̀ fún òwò. Ẹni tó ń fi nọ́ńbà kan ṣe méjèèjì, àdúrà àárọ̀ ni yóò wà lórí Status rẹ̀, lẹ́yìn náà fọ́tò ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún, lẹ́yìn náà ìròyìn òṣèlú. Oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n rí ò ní mọ ohun tó ń tà. Kí líìnì náà má sì sùn, ẹ máa fi káàdì sí i. Líìnì tí wọn ò lò fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ni ín lè gbà á kó sì tún un tà fún ẹlòmíràn, ẹni náà á wá jogún oníbàárà yín láìṣiṣẹ́ fún un.

Nínú WhatsApp Business ẹ ó rí ibi tí wọ́n ń pè ní Catalog. Pẹpẹ ìsọ̀ yín nìyẹn: àwòrán, orúkọ ọjà, iye. Dípò kí ẹ máa fi fọ́tò ogún ránṣẹ́ sí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá béèrè pé kí lẹ ní, ẹ ó fi Catalog ránṣẹ́, á fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọjà rere ti máa ń bàjẹ́ lójú ẹni tí yóò rà á. Aró tó mú dáadáa dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí òru. Kámẹ́rà fóònù ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé kí àwòrán má dúdú jù, kó má sì funfun jù. Tí aṣọ aláró bá gba gbogbo ojú rẹ̀, ó máa rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn ni, á wá tan ìmọ́lẹ̀ kún un. Aró á di búlúù tó ti ṣá. Oníbàárà á rí búlúù yẹn, á fẹ́ràn rẹ̀, á sanwó. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé ọwọ́ rẹ̀, á ní kì í ṣe aṣọ tóun rà nìyí. Kò purọ́, ẹ̀yin náà ò sì purọ́. Fóònù ló dá ìjà sílẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gba owó. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà mímọ́ nu ojú kámẹ́rà lẹ́yìn, torí ọ̀rá ọwọ́ àti eruku ọjà ti bò ó. Ẹ gbé aṣọ wá sẹ́nu ọ̀nà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ dé ṣùgbọ́n tí oòrùn ò ta sí. Ẹ pa gílóòbù, torí ó máa ń sọ funfun inú àdìrẹ di pupa rúsúrúsú. Ẹ wá fi ìka tẹ aṣọ náà lójú fóònù. Lórí fóònù tó pọ̀, àmì oòrùn kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ tẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ máa wo èyí tó wà lójú fóònù, títí àwọn méjèèjì yóò fi jọra. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yà á.

Ẹ ya mẹ́ta: gbogbo aṣọ lórí okùn, iṣẹ́ ara rẹ̀ láti ìtòsí, àti ìgbà tí ẹnìkan ró o. Nínú èyí tó wà nítòsí, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni àǹtí mi máa ń fi sí i. Aró ti wọ ẹ̀gbẹ́ èékánná rẹ̀, kò sì ṣe é fọ̀ kúrò. Ó kọ́kọ́ ń tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò ọlọ́wọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jù, torí ó hàn nínú rẹ̀ pé ẹni tó ń tà á mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ sábẹ́ àwòrán lè gùn tó àmì 2,200 lórí Instagram, àmọ́ ìlà kan tàbí méjì àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó fẹ́ rà fẹ́ mọ̀ ni kó ṣíwájú: orúkọ iṣẹ́ ara aṣọ, ọ̀pá mélòó, èló. Orúkọ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má kọ "àdìrẹ tó rẹwà" nígbà tó jẹ́ Ìbàdàndùn lẹ ní lọ́wọ́. Àwọn kan ń wá Ìbàdàndùn kiri nípa orúkọ. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, wọn ò ní rí yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá sọ pé àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ló wà lára rẹ̀ yẹn, àti pé ẹ̀kọ ni wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, tí ibi tí ẹ̀kọ wà ò fi mu ún. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ẹ sọ pé ó lè ṣí díẹ̀ ní fífọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ẹ ti sọ fún ò ní bínú.

Ẹ wá kọ iye. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹtajà ń kọ ọ́ pé kí wọ́n wá béèrè iye ní ìkọ̀kọ̀, mo sì mọ ìdí: wọn ò fẹ́ kí alájọtà mọ̀, wọ́n sì fẹ́ rí ojú oníbàárà kí wọ́n tó dárúkọ owó. Ní Ìtòkú ìyẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ẹni tó ti rìn wá ò ní torí pé kò mọ iye kó padà lọ. Lórí fóònù, ìka kan ló fi ń kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí ojú ń tì láti béèrè ò ní béèrè. Alájọtà tí ẹ ń sá fún, ó ti rán ọmọ rẹ̀ wá béèrè lọ́wọ́ yín lánàá. Kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi àyè ìnájà díẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá wá dé inú WhatsApp, ìdáhùn ni gbogbo iṣẹ́. Ìbéèrè márùn-ún ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè: èló, ọ̀pá mélòó, níbo lẹ wà, èló ni ẹ ó fi gbé e wá, ṣé aró rẹ̀ ń ṣí. WhatsApp Business ní ohun tó ń jẹ́ Quick replies: ẹ kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú, nígbà míì tí wọ́n bá béèrè ẹ kàn tẹ ìlà wíwọ́ yìí, /, ìdáhùn á yọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó jáde láìsí ìkíni. Ẹni tó kọ "Ẹ káàárọ̀ mà" ránṣẹ́, tí ohun tó gbà jẹ́ "Ọ̀pá 5, ₦15,000", á mọ̀ pé ẹ̀rọ ló dá òun lóhùn. Ẹ kí i padà, ẹ bi í pé ṣé dáadáa ló jí, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni. Labels sì wà, àmì àwọ̀ tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ orúkọ èèyàn: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè, ẹni tí kò tíì sanwó, ẹni tó ti sanwó, ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti lọ. Láìsí i, ẹni tó sanwó ní ọjọ́ Ẹtì á sọnù sábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó kàn ń béèrè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ló kàn, òun gan-an ló sì mú mi kọ̀wé yìí. Broadcast ni ọ̀nà tí ẹ fi ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn láìkó wọn jọ sínú ẹgbẹ́. Ènìyàn 256 ni àtòkọ kan ń gbà. Àmọ́ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀. Kò ní sọ fún yín pé kò dé. Status náà ń béèrè pé kí nọ́ńbà yín wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí tirẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ yín, wákàtí 24 péré ló sì ń gbé. Òǹtajà lè ní nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún èèyàn, kó máa pariwo ọjà tuntun ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kó má mọ̀ pé ogójì ló ń gbọ́. Nítorí náà, ìgbà tí oníbàárà bá gba ẹrù tó sì kọ̀wé pé aṣọ náà dára, ìgbà yẹn gan-an ni àǹtí mi máa ń kọ ọ́ sí i: "Ẹ ṣeun mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà yìí pamọ́ sórí fóònù yín, kí ẹ lè máa rí ọjà tuntun." Ó ń sọ orúkọ ìsọ̀ tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó kàn ń tẹ̀ lé yín lórí Instagram, Meta ló ń pinnu bóyá á rí yín lónìí. Ẹni tó ní nọ́ńbà yín lọ́wọ́ ni oníbàárà yín.

Bí Instagram ṣe ń pinnu yẹn ò fara sin pátápátá. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti sọ pé àwọn ń wo bí èèyàn ṣe pẹ́ tó lórí nǹkan, bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àti bóyá wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Fídíò ibi tí wọ́n ti ń fa aṣọ jáde láti inú ìkòkò aró, tó ń yọ ní àwọ̀ ewé kó tó di búlúù bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án, èèyàn á dúró wò ó tán. Àwòrán tí wọ́n fi òdòdó àti lẹ́tà ńláńlá bò, wọn ò ní dúró.

Kò pọn dandan kí ẹ wà lórí Facebook tàbí Instagram lójoojúmọ́. Meta Business Suite, tó wà fún fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń jẹ́ kí ẹ jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ to gbogbo àwòrán ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ yan ọjọ́ àti aago, yóò máa gbé wọn jáde fúnra rẹ̀ sórí Facebook àti Instagram. Ọwọ́ yín á wá ṣófo fún ìdáhùn.

Ní ti owó, àláàtì kì í ṣe owó. Wọ́n lè kọ ọ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, wọ́n sì lè ya àwòrán ìsanwó tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ wo iye tó wà níbẹ̀, kí ẹ tó di ẹrù. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ ṣí i lórí fóònù tuntun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín, ì báà ṣe ọmọ ìyá yín ló dà bí ẹni pé ó ń bẹ̀ yín. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ tirẹ̀ fún ẹni tó ní òun fẹ́ fi í sínú ẹgbẹ́ òǹtajà kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olè náà ti ń fi orúkọ rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, méjì nínú wọn sì ti sanwó. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, ẹ tan Two-step verification, ẹ yan nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mẹ́fà tiyín. Olè tó bá tiẹ̀ rí ti àkọ́kọ́ gbà ò ní lè kọjá èkejì.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní gbogbo ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ní tiwa, ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹrù ẹni mẹ́ta ló yẹ kí dẹ́rẹ́bà gbé ní gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú WhatsApp sì ni àdírẹ́ẹ̀sì wọn wà. Àǹtí mi fa ìwé kan yọ lábẹ́ àpótí tó ń jókòó lé, ẹ̀yìn rẹ̀ le, aró ti ta sí i lára. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà wọn, ìlú wọn, aṣọ tí wọ́n rà, àti èyí tí wọ́n ní àwọn yóò rà lọ́dún ló wà níbẹ̀, ó fi bírò kọ wọ́n. Ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí líìnì lásán, ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì wọn sára ẹrù, ó sì lọ gbé oúnjẹ alẹ́ kaná.