Ọ̀wẹ̀ Etí Òkun àti Ìdí tí a fi ń ka Pàǹtírí

Iṣẹ́ tí ẹnì kan kò bá lè dá ṣe, ọ̀wẹ̀ ni àwọn Yorùbá fi ń ṣe é. Ẹni tí ó ni oko ni í bẹ ọ̀wẹ̀. Òun kan náà ni í pèsè oúnjẹ fún àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́. Ní ti àáró ẹ̀wẹ̀, bí a bá ro oko Àjàyí lónìí, a ó ro ti Òjó lọ́la. Nínú méjèèjì, oko ní olóko. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ ọ̀wẹ̀ etí òkun, nígbà tí ó jẹ́ pé pàǹtírí tí ìgbì gbé sí ibẹ̀ lè ti ìlú òkèèrè wá?

Ní ọdún 1986, ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin méjì, Linda Maraniss àti Kathy O'Hara, bẹ irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 2,800 ni ó jẹ́ ìpè wọn láìgba owó, wọ́n sì kó pàǹtírí tí ó tó tọ́ọ̀nù 124. Ní 1989, Kánádà àti Mẹ́síkò dara pọ̀ mọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti tàn ká ayé, tí a sì ń ṣe é lọ́dọọdún nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà.

Ohun tí ó mú kí ọ̀wẹ̀ yìí yàtọ̀ sí gbígbá ilẹ̀ lásán ni pé a ń ka ohun tí a bá ṣà. Àwọn òṣìṣẹ́ a pín ara wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké. Ẹnì kan a di ìwé mú. Àwọn ìyókù a máa ṣà, wọn a sì máa pe orúkọ ohun tí wọ́n ṣà: ìgò, ìdérí ìgò, ọ̀rá, okùn, àjákù àwọ̀n, ìdí sìgá. Akọ̀wé a sì máa fa ìlà kọ̀ọ̀kan fún wọn. Wọn kì í fi ọwọ́ kan agolo tí wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í kó ewéko òkun, nítorí pé oúnjẹ àwọn ẹ̀dá kéékèèké ni.

Èrè wo ni ó wà nínú kíka ohun tí a fẹ́ dà nù? Èrè rẹ̀ ni pé pàǹtírí a máa jẹ́rìí lòdì sí ẹni tí ó dà á. Àjákù àwọ̀n a tọ́ka sí apẹja; ọ̀rá a tọ́ka sí ọjà àti ìgboro, nítorí pé ohun tí a sọ sí gọ́tà ni òjò ń gbá lọ sí odò, tí odò ń gbé lọ sí ọ̀sà, tí ọ̀sà sì ń gbé fún òkun. Àkọsílẹ̀ Texas wà lára ẹ̀rí tí a gbé síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà. Ní 1987, orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tí ó ka dída ike sínú òkun láti inú ọkọ̀ léèwọ̀. Àdéhùn náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Disẹ́ńbà 1988. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí sìgá ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń kà. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò ti ọdún 2019, ọ̀rá ìpápánu borí rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 4.7.

Ike kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn àti ìgbì a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ẹja a sì gbé e mì. Nítorí náà, bí a bá ń kó o tí a kò dí orísun rẹ̀, ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbó. Orísun yìí ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dojú kọ nígbà tí ó kéde ní oṣù Jánúárì 2024 pé òun fi òfin de àwo funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di oúnjẹ.

Ó hàn gbangba nígbà náà pé oko yìí ní olóko. Gbogbo ẹni tí ohun tí ó dà nù wà nínú ìwé akọ̀wé náà ni olóko rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dé etí òkun, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.