Ìwé ìjọba nìkan kò tó: Sọ́fè ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà

Inú èèyàn máa ń dùn lọ́jọ́ tí ìjọba bá fún un ní ìwé pé wọ́n ti yan ilẹ̀ fún un. Àmọ́ ìwé náà nìkan kò lè fi ibi tí ààlà ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí han èèyàn. Sọ́fè ló ń ṣe ìyẹn, ẹni tó bá sì fojú kékeré wò ó lè kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Láti ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Gómìnà lè fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan, ọdún 99 ló sì sábà máa ń jẹ́. C of O ni ẹ̀rí ẹ̀tọ́ yìí, wọ́n sì máa ń so àwòrán sọ́fè mọ́ ọn, kí ó lè hàn gbangba pé ilẹ̀ báyìí ni ìwé ń sọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní téèpù lọ́wọ́ ló lè ṣe sọ́fè. Òfin tó dá àjọ SURCON sílẹ̀ lọ́dún 1989 fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òun ni yóò ri òpó kọnkéré sí igun ilẹ̀, òpó kọ̀ọ̀kan yóò sì ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Lórí sọ́fè tó pé, ó yẹ kí èèyàn rí orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀, àdúgbò, nọ́ńbà àwọn òpó, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, àti orúkọ pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Bí pulọ́ọ̀tì bá jẹ́ mítà 18 ní ìbú àti mítà 36 ní òró, sukúéà mítà 648 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ẹ̀dà kan, tí wọ́n ń pè ní red copy, lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e lé àwòrán ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba, láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sí ojú ọ̀nà tàbí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-ìwé sí, tàbí bóyá ẹlòmíràn ti ní ìwé lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba kọ́kọ́ fún, ọ́fíìsì yìí ni kí ó kọ́kọ́ gbé sọ́fè lọ kí ó tó sanwó. Kí ó sì rántí pé òfin 1978 kò fàyè gba títà ilẹ̀ náà láìgba àṣẹ gómìnà. Owó àyẹ̀wò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé tí katapílà bá wó.