"Tú" Kọ́, "Usted" Ni

 

Ọmọ Àyàn ni mí, láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lùlù nínú ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní Orlando, ní Florida. Àwọn ará ilé a máa rò pé fàájì la ń ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ ni, ẹ jọ̀ọ́! Eré márùn-ún lójúmọ́, ìṣẹ́jú 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ooru á mú, òjò ọ̀sán á dé tòun ti mànàmáná, wọ́n á ní ká sáré wọlé. Awọ ìlù á ti dẹ̀; a ó máa fà á le, a ó máa nu òógùn, kí eré tó kàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìtàgé ni mo ti pàdé èdè Sípáníìṣì. Àwọn tó ń rán aṣọ eré wa, àwọn tó ń se oúnjẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló wá láti Kúbà àti Puerto Rico. Wọ́n á máa ṣàwàdà, èmi á jókòó bí odi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì.

Bàbá ará Kúbà kan wà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo kí i: "¿Cómo estás tú?" Bàbá dáhùn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń rán aṣọ ló fà mí sẹ́yìn: "Àgbà ni. 'Usted' là ń sọ fún àgbà, kì í ṣe 'tú'." Ojú tì mí. Ìwọ àti ẹ̀yin tiwa náà mà nìyẹn! Mo ti pe ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ní ìwọ. Lọ́jọ́ kejì mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ: "¿Cómo está usted?" Bàbá sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí ní iṣẹ́ ìdílé mi. Mo ní ìlù ni, Àyàn ni wá. "Añá!" ló pariwo.

Àṣé onílù bàtá lòun náà. Ní Kúbà, Iyá, Itótele àti Okónkolo ni wọ́n ń pe bàtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ń jókòó, wọ́n á gbé e lé itan, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì lù ú. Àwa ń gbé e kọ́rùn, a ń fi bílálà na ojú kejì. Ṣàngó di Changó lẹ́nu wọn, àṣẹ di aché.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wa gbọ́ pé bàtá bàbá mi, èyí tí a ń bọ, wà nílé mi. Ó ní kí n máa gbé e wá, òun á fowó kún owó mi. Owó ilé sì wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ san. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá lọ. Ó rọra sọ ọ́ kó lè yé mi: lọ́dọ̀ tiwọn, ìlù tó ní Añá nínú kì í jáde lọ ṣeré lásán, èyí tí kò ní, tí wọ́n ń pè ní aberikulá, la fi ń ṣe ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún mi kí n tó kúrò nílé gan-an nìyẹn.

Mo sọ fún ọ̀gá pé kò ṣeé ṣe. Ẹlòmíì ni wọ́n fowó náà fún. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìlù bàbá mi ṣì wà ní ipò rẹ̀, bàbá Kúbà sì máa ń wá kí i.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ èdè àwọn ará wa tó wà lókè òkun, kí wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ ìkíni. Àyàn á gbè wá o. Àṣẹ.