Agbo Ilé Abo Ológbò

Abo ológbò mẹ́ta ló ń gbé ẹ̀yìn ìsọ̀ alápatà kan ní Gárkì, ní Àbújá. Bí ẹran bá dé, wọn kì í fò mọ́ ọn bí ajá. Wọ́n á ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á la ojú díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹran ò kàn wọ́n. Alápatà á ju iṣan kan sẹ́yìn. Kó tó balẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ju pọ́fùpọ́fù sí wọn, ṣúgà inú rẹ̀ ò ní fà wọ́n: ahọ́n ológbò kò mọ adùn.

Ọmọ mẹ́rin wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì. Mo kọ́kọ́ rò pé abo kan ló ń tọ́jú wọn, àfi ìgbà tí mo rí i pé bí èyí bá jáde, òmíràn á wọlé, á dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ kan náà á sì máa mu ọmú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ológbò fẹ́ràn láti dá wà. Lóòótọ́ ló ń dá ọdẹ ṣe. Ṣùgbọ́n níbi tí oúnjẹ bá ti pọ̀, àwọn abo á kó ara wọn jọ: ìyá, ọmọ, àbúrò ìyá. Tiwa ni pé ọmọbìnrin á lọ sílé ọkọ, ọkùnrin á jogún yàrá bàbá rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, obìnrin ló ń jogún ilé; ọkùnrin tó bá ti bàlágà á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Akọ yìí, tí Hausa ń pè ní muzuru, a máa rìn kiri agbo ilé bíi mélòó kan. Ẹ má bi í léèrè ìkómọ o: oyún kan ṣoṣo, tí kì í ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ, lè ní ju bàbá kan lọ nínú.

Òórùn ni ilà ojú wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí ló ti ń jáde. Bí ará ilé bá dé, á na ìrù sókè gbọnrangandan, wọ́n á sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ara wọn títí òórùn wọn á fi di ọ̀kan. Èékánná ló ń pàdé àjèjì. Igbe “miáò” ńkọ́? Àgbà ológbò kì í sábà ké e sí àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ló ń ké e sí ìyá. Bó bá dàgbà tán, àwa èèyàn ló ń ké e sí. Ó ti sọ wá di ìyá láìbèèrè.

Àwa kọ́ la mú ológbò wálé. Ológbò ló mú ara rẹ̀ wá. Ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn kó ọkà sínú àká, eku tẹ̀lé ọkà, ológbò igbó tẹ̀lé eku. Àbújá náà tún un ṣe: ìjọba kó dé láti Èkó lọ́dún 1991, ọjà ń gbòòrò, eku ń pọ̀, ológbò kò dúró de ìwé àṣẹ.

Màlámù alápatà ò bẹ̀rù wọn. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, omi tí ológbò ti mu ṣì mọ́ fún àlùwàlá. Ìyá aláta tó wà nítòsí, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ní àjẹ́ ni wọ́n, ẹ wo ojú wọn lóru! Mo ṣàlàyé fún un pé awọ kan ló wà nínú ẹyinjú wọn, lápá ẹ̀yìn, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Ó pòṣé. Nírọ̀lẹ́ àná, mo rí i tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, kó tó ti orí ẹja sábẹ́ tábìlì.