Agbẹjọ́rò ṣàṣìṣe, apẹja jìyà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ bá mi ro ìrìn àjò yìí ná. Láti Awoye, ní etíkun Ìlàjẹ, ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókọ̀dá. Láti Igbókọ̀dá, ẹ tún máa wọ mọ́tò dé Àkúrẹ́, níbi tí Federal High Court àti ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà. Apẹja tí epo rọ̀bì bá ba àwọ̀n rẹ̀ jẹ́ máa rìn ín lọ, á rìn ín bọ̀, kó tó gbọ́ ìdájọ́. Ọjọ́ tó bá lọ kọ́ọ̀tù, kò pẹja.

Ká wá ní ó jàre. Ṣé ó ti parí nìyẹn? Rárá o.

Ní July 1988, igi wó lu páìpù epo Shell ní ìpínlẹ̀ Rivers, epo sì ba ilẹ̀ àti omi àwọn ará ibẹ̀ jẹ́. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n gba mílíọ̀nù 22 náírà owó gbà-má-bínú. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà fọwọ́ sí i. Nígbà tó di 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ epo rọ̀bì, Federal High Court nìkan ló ni ín. Gbogbo rẹ̀ wọ́gi lé. Ọdún 13 rèé! Kì í ṣe torí pé epo ò dà. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni wọ́n ní kò tọ́.

Èyí tó tún ń dùn mí ni ti Okafor àti Nweke, ní 2007. Agbẹjọ́rò fi orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ dípò orúkọ ara rẹ̀. Òfin ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò nìkan ló lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ da ìwé náà nù, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ilé àwọn agbẹjọ́rò tò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oníbàárà ló jẹgba.

Èmi ò sí lára àwọn tó ń pariwo pé ká da ìlànà nù o. Oṣù mẹ́ta tí òfin fún èèyàn láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ ìkẹyìn máa ń gba tálákà tó jàre sílẹ̀. Ìlànà ni kì í jẹ́ kí olówó kàn jí lẹ́yìn ọdún márùn-ún kó ní òun ò gbà.

Àwọn ará Ìlàjẹ sì mọ̀ pé èèyàn lè pàdánù láìjẹ́ pé wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní May 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gun ibùdó ìwapo Parabe ti Chevron lórí òkun. Nígbà tí hẹlikọ́pítà gbé àwọn sọ́jà débẹ̀ ní May 28, èèyàn méjì kú, ìbọn sì ba Larry Bowoto. Wọ́n pe Chevron lẹ́jọ́ ní San Francisco ní 1999. Ní December 2008, àwọn aráàlú tí kọ́ọ̀tù yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà dá Chevron láre. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 2010, àwọn adájọ́ ní òfin tó de ìfìyàjẹni kò ṣeé fi mú iléeṣẹ́, èèyàn ẹlẹ́ran ara nìkan ló wà fún. Wọ́n tún ní orí òkun ni wọ́n kú sí, torí náà òfin ọdún 1920 kan kò jẹ́ kí ẹbí gbowó lórí ìrora tí olóògbé jẹ kó tó kú.

Ìdájọ́ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Síbẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹ̀rí wọn délẹ̀ kí wọ́n tó dá wọn lẹ́bi. Àwọn ará Rivers ní tiwọn ti jàre lórí ẹ̀rí, ẹnu ọ̀nà ló gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo ń bèèrè ò pọ̀. Abala 22 nínú òfin Federal High Court ti sọ pé tí ẹjọ́ bá ṣìnà wọ ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀, kí adájọ́ darí rẹ̀ síbi tó yẹ, kó má dà á nù. Kí àwọn adájọ́ máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí lóṣù àkọ́kọ́, kó má jẹ́ ní ọdún kẹtàlá. Àṣìṣe ìfọwọ́síwèé ńkọ́? Kí agbẹjọ́rò tó ṣe é san owó ìtanràn látinú àpò ara rẹ̀, kí ẹjọ́ máa lọ.

Kó tó dìgbà yẹn, tí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ pẹjọ́ lórí epo tó dà, ẹ bá wọn bi agbẹjọ́rò kó tó gbowó: ilé ẹjọ́ wo lẹ fẹ́ gbé e lọ, kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀, ta ló máa fọwọ́ sí ìwé? Ẹ ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.