Yíyan Jíìpù Oníná fún Ìrìn Àjò Ojoojúmọ́: Àpẹẹrẹ Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò kọjá agbára ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin ni àwọn tí ń gbé Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ti ń béèrè bóyá kí àwọn ra ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná. Jíìpù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́, nítorí pé ó ga nílẹ̀. Owó tí ẹlòmíràn yóò kó lé e lórí, ogún ọdún ni ó fi tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á fara balẹ̀ yàn.

Ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bí bátìrì ọkọ̀ ti tóbi tó. Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣíwájú èyí: kí ni ọkọ̀ náà ń jẹ? Kí ni ilé mi lè fún un lóru? Kí ni yóò ṣẹ́ kù nígbà tí bátìrì bá gbó?

2. Ohun tí ọkọ̀ ń jẹ

Yúníìtì tí a ń rà sórí mítà ilé náà ni a fi ń wọn oúnjẹ ọkọ̀ oníná. Ẹ jẹ́ kí á fi jíìpù méjì tí wọ́n jáde ní ọdún 2018 wéra. Àkọ́kọ́ ni Hyundai Kona, tí bátìrì rẹ̀ gba yúníìtì 64. Irú rẹ̀ ni wọ́n tò pọ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì fi hàn ní Èkó ní ọdún 2020. Èkejì ni Jaguar I-Pace, tí tirẹ̀ gba yúníìtì 90. Ẹni tí ó bá wo bátìrì nìkan yóò sọ pé Jaguar ni yóò rìn jìnnà jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ìwọ̀n tí àjọ EPA ti Amẹ́ríkà fún Kona ni kìlómítà 415. Ìwọ̀n Jaguar jẹ́ 376. Jaguar wúwo ju ẹgbàá kílò lọ, Kona kò sì tó 1,700. Nínú kìlómítà 100, Kona ń jẹ nǹkan bí yúníìtì 17, Jaguar ń jẹ 27.

Òpópónà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó gùn tó kìlómítà 127 àti díẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí 255. Kona yóò jẹ yúníìtì 43, Jaguar yóò jẹ 69, lójoojúmọ́.

Eré sísá náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá kúrò lórí 80 bọ́ sí 100 ní wákàtí kan, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ta ko ọkọ̀ yóò ju ìlọ́po kan àbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ẹ̀rọ tí ń yí táyà kì í jẹ nǹkan nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ń jẹun. Bí ọkọ̀ bá sì ń dẹ eré, díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ ń padà sínú bátìrì.

3. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán kò lè fún ọkọ̀ ju nǹkan bí yúníìtì 3 lọ ní wákàtí kan. Bí iná bá wà fún wákàtí 8 lóru, yúníìtì 24 ni, èyí tí Kona yóò fi rin nǹkan bí kìlómítà 140. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó. Ọkọ̀ náà kún ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní alẹ́, 160 ni ó ṣẹ́ kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di 300. Ní alẹ́, ó di 45. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó di 185. Yóò gbé olówó rẹ̀ dé Èkó, kò sì ní lè gbé e padà. Ní ti Jaguar, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ yóò ti rú.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí a sì so ẹ̀rọ tí ń fúnni ní yúníìtì 7 ní wákàtí kan mọ́ ọn. Kona yóò jẹ àjẹyó ní wákàtí 6 àti díẹ̀; Jaguar yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 10. Àwọn tí wọ́n wà ní ìpele Band A ni wọ́n ṣe ìlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n gbé owó ìpele náà sí náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì 43 di náírà 9,675. Ẹ fi iye tí ó bá wà lóde rọ́pò 225, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ wé owó epo yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa tan jẹnẹrétọ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ lè gba iná ti padà sí ìdí epo tí ó ń sá fún.

4. Ogbó bátìrì àti ọ̀ràn tòkùnbọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe ìlérí pé láàárín ọdún 8, agbára bátìrì kò ní wálẹ̀ ju ìdá 70 nínú 100 lọ. Bí ó bá dé ibẹ̀, Kona yóò rin 290. Kìlómítà 35 péré ni yóò ṣẹ́ kù nígbà tí a bá délé. Ti Jaguar yóò jẹ́ 8. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò ra tòkùnbọ̀ má wo ọ̀dà ara ọkọ̀; ẹ̀rí agbára tí ó kù nínú bátìrì ni kí ó béèrè. Bí ó bá jẹ́ Kona ni, kí ó tún béèrè bóyá ó wà lára nǹkan bí ọkọ̀ 82,000 tí Hyundai pè padà ní ọdún 2021 nítorí ewu iná, àti bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé jíìpù tí ó fúyẹ́, tí kì í jẹ púpọ̀, ni ó yẹ ọ̀nà yìí. Kí a tún wáyà ilé ṣe kí a tó sanwó ọkọ̀, kí a sì wá ibi tí yóò ti gba iná níbi iṣẹ́ de ọjọ́ ogbó bátìrì. Ẹni tí kò bá ní iná wákàtí 6 tí ó dájú lóru, tí kò sì rí iná lò níbi iṣẹ́, kí ó dá owó rẹ̀ dúró ná, bí ó ti wù kí jíìpù náà lẹ́wà tó.