Ọ̀pá Àṣẹ, Àwọn Obìnrin Ogun, àti Ohun tí Sinimá Kò Sọ

Ní ọdún 2022, èmi àti àwọn obìnrin mẹ́rìnlá tí wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà ní Kétu wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu. A fẹ́ wo ìpàtẹ àwọn ohun ìṣúra Dàhọ̀mì ní ilé ìjọba tí wọ́n ń pè ní La Marina. Ohun ìṣúra 26 ni. Àwọn ọmọ ogun Faransé, lábẹ́ ọ̀gágun Dodds, ni wọ́n kó wọn ní Àgbómẹ̀ ní ọdún 1892. Ilẹ̀ Faransé dá wọn padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021.

Ìtẹ́ ọba wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ààfin wà níbẹ̀. Ère Gezo, Glele àti Behanzin náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan ni ó dá ẹsẹ̀ wa dúró. Ọ̀pá àṣẹ ni, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó jẹ́ kìkì ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ó mú wa rántí àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhọ̀mì. Agojie ni orúkọ wọn. Wọ́n ń yin ìbọn, wọ́n ń lo àdá, wọ́n sì ń ṣọ́ ọba.

Ìyá àgbà kan nínú wa wo ọ̀pá náà títí. Ó wá bi mí pé: «Olùkọ́, ṣebí àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wá kó ìyá bàbá ìyá mi lẹ́rú?»

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 1886, nígbà ayé ọba Glele, ogun Dàhọ̀mì dó ti Kétu, wọ́n sì wọ ìlú. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Behanzin ni àwọn tí ó kù tó padà wá tún ìlú wọn tò.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 kan náà, sinimá kan nípa àwọn Agojie jáde ní Amẹ́ríkà. The Woman King ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ọwọ́ wa, a wò ó ní kíláàsì, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀. Viola Davis ni ó ṣe Nanisca, ọ̀gágun àwọn obìnrin náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pàtẹ́wọ́. Ó tọ́ kí wọ́n yọ̀, nítorí ó pẹ́ tí sinimá ti ń fi obìnrin dúdú hàn bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Ṣùgbọ́n sinimá kì í ṣe ìwé ìtàn. Ọdún 1823 ni wọ́n fi ìtàn yìí sí, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ sì ni ọ̀tá níbẹ̀. Nanisca ń rọ ọba Gezo pé kí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀, kí ó máa ta epo pupa. Òtítọ́ ni pé Gezo ń ta ẹrú nìṣó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn Agojie fúnra wọn sì ń kó ènìyàn wá láti ojú ogun.

Ìyá àgbà wa kò pàtẹ́wọ́. Ó ní: «Wọ́n lágbára, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n kó lọ náà lágbára. Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà wálé.»

Agbára obìnrin nínú sinimá kò mọ sí ojú ìjà nìkan. Gina Prince-Bythewood, obìnrin, ni ó darí The Woman King. Obìnrin náà ni Mati Diop, ọmọ Faransé tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàlì. Òun ni ó ṣe sinimá Dahomey nípa ìpadàbọ̀ àwọn ohun ìṣúra 26 wọ̀nyí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, sinimá náà gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní àjọ̀dún sinimá Berlin, ní Jámánì. Nínú rẹ̀, ère Gezo ń sọ̀rọ̀ ní èdè Fọ̀n, ó ń ráhùn pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe òun. Ẹni tí ó ń darí sinimá ni ó ń yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.

Àwa kò ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n a ní kálàmù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a wo The Woman King, ìyá àgbà mú ìwé rẹ̀ wá. Ó ti kọ orúkọ ìyá bàbá ìyá rẹ̀ sí òkè, ó sì kọ ìlà mẹ́sàn-án sí abẹ́ rẹ̀. Ó kà á fún wa láìsí ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni obìnrin alágbára ilé yín tí kò sí ní ibi ìpàtẹ kankan? Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.